Láfún Wà Níbẹ̀

Mọrẹ́nikẹ́ ló kó mi sí wàhálà yìí. Ó pè mí lórí fóònù pé Ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá tèmi àti tirẹ̀, ti fẹ́ pé ọdún kan nínú ilẹ̀, pé a ó pín ìwé pẹlẹbẹ kan ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìrántí, kí èmi Àńkù Dèjì kọ bí Ìyá ṣe rí sínú rẹ̀. Mo ní ṣé kò rí ẹni tó kàwé ni? Fọ́ọ̀mù tíríì ni mo ti bọ́ sílẹ̀. Fọkanáísà ni mí ní Òṣíẹ̀lẹ̀. Táyà ni mo lè lẹ̀, ọ̀rọ̀ kọ́.

Ó ní, "Àńkù, àwọn tó kàwé ò bá Ìyá gbé. Ẹ̀yin lẹ bá wọn gbé."

Ló bá bi mí ní ìbéèrè tí mo ti ń sá fún láti ìgbà tí ó wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àńkù, báwo ni Ìyá ṣe mọ bí dádì mi ṣe kú? Bí Ìyá ṣe sọ ọ́ ni gbogbo ẹbí ń sọ ọ́. Wọ́n sì ní kò sẹ́ni tó wà níbẹ̀."

Mo sọ fún un pé táyà tírélà kan ń dúró dè mí, mo pa fóònù. Kò sí tírélà kankan lójú títì. Ewúrẹ́ kan ló dúró níbẹ̀, òun náà sì ń wò mí bí ẹni tó mọ̀ pé irọ́ ni mo pa.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí Ìyá ṣe ń mọ ohun tí ojú wọn kò tó. Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà máa já sí, ibẹ̀ kò dára fún mi. Ẹ fún mi láyè kí n rọra débẹ̀.

Láfún ni iṣẹ́ Ìyá. Ẹ̀yìn ilé wa ní Ìkìjà, àpáta ni, ó tẹ́ lọ rẹrẹ bí ẹní tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀ fún àlejò, ṣùgbọ́n lápá ìwọ̀-oòrùn ó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó sì di ọ̀gbun tó já sórí òkúta, lẹ́yìn ilé àwọn ará ìsàlẹ̀. Orí àpáta yẹn ni Ìyá ń sá láfún sí. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́ títí yóò fi rọ̀, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, tó bá di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á fọ́n ọn sórí àpáta. Láfún tútù dà bí ẹrẹ̀ funfun. Ohun tó bá kọjá lórí rẹ̀, ì báà ṣe aláǹgbá, á fi àmì sílẹ̀. Tí ọyẹ́ bá sì fẹ́ sí i, àmì náà á gbẹ mọ́ ọn.

Láràárọ̀, kí wọ́n tó yí láfún padà, Ìyá á ká ọwọ́ sẹ́yìn, wọ́n á tẹ̀ bí kọ̀ǹgọ̀, wọ́n á rìn yí i ká. Wọn ò mọ ìwé kà o, lẹ́tà kan ṣoṣo báyìí. Ṣùgbọ́n wọ́n ń ka láfún.

Ní ọjọ́ ìsinmi kan, a ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n yà sí ẹ̀yìn ilé, wọ́n sì pe Ìyá Rísíkà tó jẹ́ aládùúgbò wa.

"Ìyá Rísíkà, ewúrẹ́ rẹ jẹ láfún mi."

"Ewúrẹ́ mi kẹ̀? Ó wà lórí ìso látàárọ̀!"

"Èyí tó ń tiro lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn ni. Ibí ló gbà wọlé. Ó jẹ níbí, ó jẹ níbí. Ọmọ rẹ obìnrin sáré wá lé e níbí, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìyí, kò wọ bàtà. Ó sọ òkò lù ú, ewúrẹ́ fò, ó ṣu síbí. Ọmọ náà wá fi ọwọ́ tẹ́ láfún kó lè bo àmì ẹsẹ̀, ó gbàgbé ìgbẹ́."

Ẹnu Ìyá Rísíkà ṣí sílẹ̀. "Ìyá! Ṣebí àwa la wà nílé, ẹ̀yin sì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ta ló sọ fún yín?"

"Èmi ò sí níbẹ̀," ni Ìyá wí. "Láfún wà níbẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń sọ ìtàn. Wọ́n á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó dé ilé ọkọ, àní kí wọ́n tó mọ ọkọ, bí ẹni tó dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Wọ́n máa ń sọ bí Bàbá àgbà ṣe fi ẹsẹ̀ rìn láti Itori lọ́jọ́ tó wá tọrọ wọn lọ́wọ́ bàbá wọn, tí òjò ká a mọ́ ọ̀nà, tó dúró lábẹ́ igi kan tó ń dá sọ̀rọ̀, tó ń fi ọ̀rọ̀ tó máa sọ kọ́ ẹnu. Mo ti ń di géńdé nígbà náà, ẹnu ń yún mi. Mo ní, "Ìyá, ẹ wà nílé bàbá yín. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó ń dá sọ̀rọ̀ lábẹ́ igi?"

Mo rò pé wọ́n máa gbá mi létí. Wọn ò gbá mi. Wọ́n na ìka.

"Ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀ nígbà tó wọlé: èyí ni mo rí. Obìnrin kan tó bá a pàdé lọ́nà sọ pé òun rí i tó dúró lábẹ́ igi: èyí ni mo gbọ́. Ohun tó ń ṣe lábẹ́ igi..." Wọ́n fi ọwọ́ kan etí. "Èyí ni mo fi kún un. Ọ̀rọ̀ tó bá bàbá mi sọ já geere jù. Kò lè jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ tó máa sọ ọ́ nìyẹn."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣọ́ etí Ìyá. Tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ tí ọwọ́ wọn bá lọ sí etí, wọ́n ti dé ibi tí ojú ò tó, tí ẹlòmíì ò sì sọ fún wọn. Wọn kì í fi pamọ́. Àwa la ò mọ ibi tó yẹ kí a wò.

"Mẹ́ta ni ìtàn, Àkànní," ni wọ́n sọ fún mi. Àkànní ni oríkì mi, àwọn nìkan ló ń fi í pè mí. "Èyí tí o rí, èyí tí o gbọ́, èyí tí o fi kún un. Ẹni tó bá da mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ tí kò mọ èwo lèwo mọ́, òun ni òpùrọ́."

Wọn ò sì bẹ̀rù láti bá èèyàn jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá Sámú tó ń dá gbé ní ilé kejì sí wa kú. Kátíkíìsì ìgbà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ti ìlú míì wá, gun orí pèpéle, ó ní Bàbá Sámú fi orin sẹ́nu sùn nínú Olúwa, pé ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ti ń lọ. Gbogbo ìjọ ṣe Àmín. Ìyá ò ṣe Àmín. Wọ́n lọ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Kátíkíìsì, ta ló gbọ́ orin tí Bàbá Sámú kọ?"

"Ẹ má bínú, Ìyá. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni."

"Ọjọ́ kẹta ni a tó já ilẹ̀kùn. Èékánná rẹ̀ ti ha ara ilẹ̀kùn nísàlẹ̀. Kò kọrin. Ó fẹ́ jáde ni."

Kátíkíìsì ń yí Bíbélì ọwọ́ rẹ̀ síwá sẹ́yìn.

"Ta lo sì ń tù nínú? Ọkùnrin yẹn ò ní ẹnì kan láyé." Wọ́n so gèlè wọn le. "Bí o bá máa purọ́ fún òkú, kí irọ́ náà ṣe alààyè kan lóore. Èyí tí o pa yìí, ìwọ nìkan ló ṣe lóore."

Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Mi ò mọ̀ pé èmi gan-an ni wọ́n ṣì máa fi irọ́ tó ń ṣe alààyè lóore bò láṣìírí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú èèyàn tí mo jẹ́, nítorí kò sí bí mo ṣe lè sọ ti Ìyá kí n fi ìyẹn pamọ́. Ojo ni mí. Mi ò fi ṣe ẹ̀fẹ̀. Mo máa ń fi atẹ́gùn sí táyà, màá yí orí sẹ́yìn, màá di ojú, màá na ọwọ́ gbọọrọ bí ẹni tó ń fún ajá tó ń bu èèyàn jẹ lóúnjẹ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọjá á máa bi mí pé, "Bàbá fọkanáísà, ṣé bọ́ǹbù ni?" Ara mi kì í gba ibi gíga. Ìyá rán mi lọ lé adìẹ kúrò lápá ibi tí àpáta ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, mo fi ikùn wọ́ débẹ̀. Adìẹ náà dúró, ó ń wò mí. Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

"Àkànní," ni wọ́n wí, "ẹ̀rù rẹ ti dàgbà jù ọ́ lọ. O gbọ́dọ̀ máa dọ̀bálẹ̀ fún un, kí o máa kí i pé ẹ kú àárọ̀, sà."

Ṣínà ní tirẹ̀ kò bẹ̀rù ohunkóhun. Àbúrò bàbá mi ni, àbígbẹ̀yìn Ìyá, ṣùgbọ́n ọdún méjì péré ló fi jù mí lọ. Níwájú àgbà, Bọ̀dá Ṣínà ni. Lẹ́yìn wọn, Ṣínà. Inú yàrá kan la ti dàgbà, abọ́ kan la ti jẹun. Ó fẹ́ Ṣadé láti Owódé. Nítorí pé wọ́n ti bí mi sílé kí Ṣadé tó dé, kò lè pe orúkọ mi, ó sọ mí ní Akọ̀wé, torí fọ́ọ̀mù tíríì mi yẹn. Mọrẹ́nikẹ́ ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí.

Nígbà náà, fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sì í wọ inú ilé wa. Etí àpáta nìkan ni èèyàn ti ń rí i, lápá ọ̀gbun. Ṣínà ti ṣèlérí fún Ṣadé lẹ́ẹ̀mẹta pé àwọn á gbé ọmọ lọ sí Owódé kí ìyá rẹ̀ lè rí i, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni nǹkan míì gbà á. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ọ̀rọ̀ náà di ariwo. Gbogbo ilé ló gbọ́ nígbà tí Ṣadé ní, "Tó o bá tún jáde nílé yìí láìmú wa lọ, má padà wá! Má padà wá rárá!"

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ṣínà wá jí mi. "Dèjì, bá mi dé orí àpáta. Mo fẹ́ pe ìyá ìyàwó mi, kí n bẹ̀ wọ́n. Wọ́n fẹ́ràn ohùn rẹ ju tèmi lọ. Tí wọ́n bá ti ń bú mi, màá gbé e fún ẹ."

Mo tẹ̀ lé e. Ọyẹ́ ti bo ojú àpáta, ìrì wà nílẹ̀. Láfún tí Ìyá fọ́n ní ìrọ̀lẹ́ àná ṣì tutù. A gba etí rẹ̀ kọjá. Ṣínà ń gbé fóònù sókè, ó ń gbé e sí ọ̀tún, ó ń gbé e sí òsì, ó ń lọ síwájú. Èmi dúró níbi tí ẹ̀rù ní kí n dúró. Ó dé ibi tí omi láfún máa ń ṣàn gbà lọ sí ìsàlẹ̀, ibi tó ti di funfun tó sì ń yọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ó fi ikùn balẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì di láfún mú. Ó na ọwọ́ ọ̀tún sí mi.

"Dèjì, fún mi lọ́wọ́."

Ibi tí mo wà sí ibi tó wà kò ju ìgbésẹ̀ méjì lọ. Mo rò ó. Èyí ni mi ò lè dárí rẹ̀ ji ara mi: mo ráyè rò ó. Mo rò pé tí mo bá dì í mú, yóò fà mí lọ. Mo fi ẹ̀yìn rìn.

Ó tún sọ ọ́, "Fún mi lọ́wọ́." Kò pariwo. Ohùn tí èèyàn fi ń ní kí wọ́n bá òun na iyọ̀ ni.

Lẹ́yìn náà kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ mọ́.

Mo sáré. Mo gba inú láfún kọjá, mi ò tiẹ̀ mọ̀. Mo bọ́ bàtà rọ́bà mi sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, mo wọ yàrá, mo dùbúlẹ̀, mo fa aṣọ bo orí. Ọkùnrin ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n, tó ní irùngbọ̀n. Mo dùbúlẹ̀ mo ń dúró kí ẹlòmíì wá sọ fún mi pé Ṣínà ti kú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ojú mi kò tó o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí Ìyá ṣe kọ́ mi.

Èyí ni mo gbọ́: ẹsẹ̀ Ìyá tó ń lọ sí ẹ̀yìn ilé, bíi ti àràárọ̀. Lẹ́yìn náà, ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ó pẹ́. Lẹ́yìn náà, ìró igi tí wọ́n fi ń yí láfún lórí àpáta, wọ̀ọ̀, wọ̀ọ̀. Lẹ́yìn náà, omi nínú garawa àti ìró búrọ́ọ̀ṣì. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni Ìyá tó ké.

Èyí ni mo rí nígbà tí mo jáde pẹ̀lú àwọn tó kù: láfún ti yí padà, ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí àmì kankan lórí rẹ̀. Bàtà rọ́bà mi wà lórí ògiri, wọ́n dojú rẹ̀ dé, ó funfun nini, omi sì ń kán lára rẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, Ìyá ò fọ bàtà ẹnikẹ́ni rí.

Èyí ni mo fi kún un: wọ́n tẹ̀ kọ̀ǹgọ̀, wọ́n kà á. Wọ́n rí ẹsẹ̀ ẹni méjì tó lọ àti ẹsẹ̀ ẹnì kan tó bọ̀. Wọ́n rí ibi tí gìgísẹ̀ ti tẹ láfún ju ìka lọ, nítorí ẹni náà ń fi ẹ̀yìn rìn. Wọ́n dé etí, wọ́n wo ìsàlẹ̀, wọ́n rí ọmọ wọn. Wọn ò ké. Wọ́n gbé igbe náà mì, wọ́n lọ mú igi, wọ́n yí ẹsẹ̀ mi padà wọnú láfún. Mo ń fi ọwọ́ kan etí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọjọ́ kẹjọ tí a sin Ṣínà, ẹbí jókòó sí pálọ̀. Bàbá Kọ́lá, àbúrò Bàbá àgbà tó ti di olórí ẹbí, ló ń sọ̀rọ̀. Láńre bàbá mi, àkọ́bí Ìyá, ti kú ṣáájú, kò sí ẹni tó lè dá a lẹ́kun. Ṣadé jókòó sílẹ̀, ọmọ ń mu ọmú.

"Ìwọ lo ní kó má padà wá," ni Bàbá Kọ́lá sọ fún un. "Kò padà wá. Wọ́n sì rí ọ lẹ́yìn ilé láàárọ̀ náà."

"Omi ni mo lọ pọn, Bàbá. Mo fi Ọlọ́run búra, omi ni mo lọ pọn!"

"Ẹni tó ti ọkọ rẹ̀ sí ọ̀gbun, ṣé òun ló máa sọ pé òun ò lọ pọn omi?"

Ìdájọ́ wọn ni pé kí Ṣadé fi ọmọ sílẹ̀, kí ó máa lọ sí Owódé pẹ̀lú aṣọ tó wà lára rẹ̀. Gbogbo èèyàn mọ orúkọ tí wọ́n máa fi sin ín délé: apakọ. Ẹnu mi wà lára mi. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni mo jókòó sí, kí n lè tètè jáde.

Ìyá ló dìde.

"Èmi á sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ìrì wà lórí àpáta. Ṣínà wọ bàtà rọ́bà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti jẹ lápá ọ̀tún. Ó gba etí láfún kọjá, kò tẹ àárín, torí ó mọ̀ pé mo lè nà án bó ṣe dàgbà tó yẹn. Ó ń wá nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó dé ibi tí omi láfún mi ń ṣàn gbà. Omi yẹn ló yọ̀ ọ́. Èmi ni mo da omi náà síbẹ̀. Ó fi ikùn balẹ̀, ó di láfún mú lọ́wọ́ òsì. Ìka mẹ́rin, mo kà wọ́n. Láfún ò ṣe é dì mú."

"Ọwọ́ ọ̀tún ńkọ́?" ni Bàbá Kọ́lá bèèrè.

"Ọwọ́ ọ̀tún ò sí nínú láfún."

Nínú gbogbo àwọn tó wà ní pálọ̀, èmi nìkan ló mọ ẹni tí ọwọ́ náà nà sí.

"Ó wá sọ̀rọ̀," ni Ìyá wí, ohùn wọn sì rẹlẹ̀. "Ó ní, 'Ṣadé, má bínú.'" Ọwọ́ wọn lọ sí etí. Mo rí i. Láfún kì í gba ohùn sílẹ̀.

Ṣadé bú sẹ́kún, ó di ọmọ mọ́ra.

Bàbá Kọ́lá mi orí. "Ìyá Láńre, ẹ ò sí níbẹ̀. Láfún náà, ẹ ti yí i padà. Ẹ gbé Bíbélì wá, kí wọ́n búra."

"Bíbélì ò sí níbẹ̀," ni Ìyá dáhùn. "Láfún ló wà níbẹ̀."

Wọ́n wọ ilé ìdáná. Láfún ọjọ́ náà ti gbẹ, wọ́n ti lọ̀ ọ́. Wọ́n rò ó níṣojú gbogbo wa, wọ́n gbé abọ́ náà sí àárín pálọ̀, láìsí ọbẹ̀. "Bí ẹsẹ̀ Ṣadé bá kan láfún yìí láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí ó má gba ọ̀fun mi kọjá." Wọ́n bu òkèlè, wọ́n gbé e mì. Wọ́n tún bu òmíì, wọ́n gbé e mì. Láfún tí ọmọ wọn fi ọwọ́ wà nígbà ìkẹyìn.

Bàbá Kọ́lá tẹjú mọ́ wọn. "Ṣadé ò sí níbẹ̀, ó dáa. Ṣé kò sí ẹlòmíì?"

Ìyá bu òkèlè ńlá kan, irú èyí tí alágbàro ń bù, wọ́n gbé e sẹ́nu. Àgbà kì í fi òkèlè sẹ́nu sọ̀rọ̀. Gbogbo wa dúró. Wọ́n ń jẹ ohun tí a kì í jẹ lẹ́nu, tí à ń gbé mì lásán. Ojú wọn ò kúrò lára Bàbá Kọ́lá. Omi ń bọ́ lójú wọn, wọ́n ń jẹ ẹ́ lọ, títí ó fi sú Bàbá náà, tó ní, "Ó tó. Kí ìyàwó jókòó sílé ọkọ rẹ̀."

Láti ọjọ́ yẹn títí wọ́n fi kú, Ìyá ò fẹnu kan láfún mọ́. Wọ́n ń ṣe é, wọ́n ń tà á, wọ́n ń rò ó fún wa. Àwọn fúnra wọn ń jẹ iṣu, wọ́n ń jẹ ẹ̀bà. Àwọn ọmọ rò pé inú ló ń run wọ́n. Èmi náà, ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, bí ojo ṣe máa ń ṣe, mo fi ẹ̀fẹ̀ bi wọ́n léèrè pé irú ọmọ Ẹ̀gbá wo ni kì í jẹ láfún.

"Àkànní," ni wọ́n wí, "mi ò tíì gbé òkèlè yẹn mì tán."

Nígbà tí àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀, mo jókòó tì wọ́n, mo sì gbìyànjú. Mo ní, "Ìyá, láàárọ̀ ọjọ́ yẹn..." Wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

"Ta ló bi ọ́? Èmi ò bi ọ́. Ẹni tó yẹ kó bi ọ́ ò tíì bi ọ́. Tó bá bi ọ́, mi ò ní sí níbẹ̀."

Wọ́n kú ní ọjọ́ kẹta. Èyí ni mo rí: ojú wọn ò pa dé dáadáa, èmi ni mo pa á dé. Mi ò fi nǹkan kan kún un.

Mọrẹ́nikẹ́ ló wá bi mí. Ṣùgbọ́n mi ò lè dá ọmọ lóhùn kí n tó dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo ká ìwé tí mo ti ń kọ nípa Ìyá sínú ọ̀rá, mo wọ ọkọ̀ láti Òṣíẹ̀lẹ̀ lọ sí Ìkìjà. Mo kọjá ilé wa lẹ́ẹ̀mejì kí n tó lè wọlé. Ṣadé kò fẹ́ ọkọ míì. Òun ló ń sá láfún lórí àpáta báyìí, a ti mọ ògiri kékeré sí etí ọ̀gbun. Ó jókòó lórí àpótí, ó ń fọ́ láfún gbígbẹ.

"Akọ̀wé, ẹ káàbọ̀! Kí lẹ ká mọ́wọ́ bí ẹni tí wọ́n fi ìwé ìpẹ̀jọ́ ránṣẹ́ sí?"

"Ìyàwó, mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan."

"Ẹ jókòó kẹ̀."

Mi ò jókòó. Mo sọ ọ́ ní ìdúró, láti ìgbà tí Ṣínà jí mi títí dé bàtà tó wà lórí ògiri. Ọwọ́ rẹ̀ ń fọ́ láfún lọ, kò dúró, àfi nígbà tí mo dé ibi ìgbésẹ̀ méjì. Nígbà tí mo parí, ó gbé ojú sókè.

"Ṣé ó dárúkọ mi?"

Mo rí irọ́ náà. Ó wà nílẹ̀, Ìyá ti ṣe é, ó ti gbó, ó sì dára. Irọ́ tó ń ṣe alààyè lóore ni. Ọwọ́ mi ti ń lọ sí etí. Mo fà á wálẹ̀.

"Rárá," ni mo wí. "Orúkọ mi ló pè. Ó ní, 'Dèjì, fún mi lọ́wọ́.' Lẹ́ẹ̀mejì."

Ó gbọn ìyẹ̀fun kúrò ní ọwọ́ rẹ̀.

"Ọdún mẹ́tàlélógún," ni ó wí. "Tí ilẹ̀ bá ti mọ́, màá dúró lórí àpáta yẹn, màá dá a lóhùn. Màá ní, 'Mi ò bínú mọ́, Ṣínà.' Láràárọ̀. Kò sì bi mí ní nǹkan kan."

Mo ń ká ọ̀rá ọwọ́ mi, mo ń tú u.

"Ẹ lọ kọ ọ́ fún ọmọ mi. Kí ẹ kọ ìgbésẹ̀ méjì yẹn síbẹ̀."

Mo ní mo ti gbọ́. Mo yí padà, kí n máa lọ, kí n tó ráyè bú sẹ́kún.

"Akọ̀wé."

Mo wẹ̀yìn. Ó ti na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí mi láti orí àpótí. Orúnkún ti ń dà á láàmú láti ọjọ́ pípẹ́, ṣùgbọ́n mo ti rí i tó ń fi ọwọ́ ti ilẹ̀ dìde fúnra rẹ̀.

"Fún mi lọ́wọ́," ni ó wí.

Ẹ̀rù bà mí. Mo fẹ́ parọ́ fún yín pé kò bà mí. Ìgbésẹ̀ méjì náà ni. Mo rìn ín, mo dì í lọ́wọ́ mú, ó gbé gbogbo ara rẹ̀ lé mi, egungun èjìká mi ró. Ó dìde. Kò jọ̀wọ́ mi. Ó dúró bẹ́ẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, ó ń wò mí lójú, láfún rẹ̀ ti kun mi dé ọrùn ọwọ́.

"Ṣé ẹ rí bó ṣe wúwo tó?" ni ó wí. "Ṣínà ò jù báyìí lọ."